Èso Rọ́bà Nílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oguazor

Bí ẹ bá dárúkọ The Interpreters níwájú ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Há, ìwé yẹn le!" Òótọ́ ni, ó le. Wọlé Ṣóyínká gbé e jáde ní 1965, ó sì jọ pé kò ro ti ẹni tí yóò máa kà á lábẹ́ àtùpà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ìtàn náà ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ jókòó nídìí ọtí, òjò ń rọ̀. Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti gbé yín sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ mìíràn tó ti kọjá. Ọ̀pọ̀ wa ló ti pa á dé ní orí kìíní. Èmi ní tèmi, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi. Ẹ fi orí kìíní sílẹ̀ ná. Ẹ lọ sí ibi àpèjẹ ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oguazor. Bí ẹ kò bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ wá gba owó tí ẹ fi ra ìwé ẹgbẹ́ wa yìí padà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún kan wà, Egbo, Sagoe, Kola, Sekoni àti Bandele, ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, tí wọ́n ń gbé láàárín Èkó àti Ìbàdàn nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ṣì tutù. Bandele jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Sagoe jẹ́ oníròyìn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Wọ́n jọ lọ sílé ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ àríyá. Sagoe gbójú sókè, ó rí èso. Ó wo ẹ̀gbẹ́, èso ni. Wọ́n gbé e kọ́, wọ́n tò ó kalẹ̀, ó ń dán yinrin. Ó wá fọwọ́ kan ọ̀kan: rọ́bà! Gbogbo rẹ̀ pátá, rọ́bà ni. Ní ìlú tí ọsàn ń rà mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kò ṣà á, ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ra èso tí kò ṣe é jẹ láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Sagoe kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n láti ojú fèrèsé ni, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ bí onílé ṣe ń sọ̀rọ̀. Imú ni Oguazor fi ń sọ ọ́. Ṣóyínká kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń dún gan-an, 'a' ti di 'e', 'o' pàápàá ti di 'e', kó ṣáà lè jọ ti ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kà á sókè létí ara yín kí ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fojú lásán kà á kò tíì kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí náà ló wá ń fi ohùn yẹn wàásù ìwà rere fún gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ó bí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ ilé rẹ̀, kò sì lè jẹ́wọ́ rẹ̀ níta, ló bá lọ fi í pamọ́ sí iléèwé kan ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Èso inú rẹ̀ wà ní ìpamọ́, èso rọ́bà ló wà lójú ọ̀nà.

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá ìwà yìí mu. Ìgbéraga kò tó o. Ọba lè gbéra ga, akíkanjú ọdẹ lè gbéra ga, kì í sì í ṣe ti Oguazor ni wọ́n ń ṣe. Ìṣakọ náà kò tó. Nínú ọgbà wa níhìn-ín, ajẹbọ́tà ni à bá pè é, àmọ́ ajẹbọ́tà gidi kọ́ ni. Ẹni tí wọ́n fi bọ́tà tọ́ láti kékeré kì í rántí pé bọ́tà wà lẹ́nu òun. Ajẹpákó tó dàgbà tán kó tó kọ́ bọ́tà jíjẹ ni Oguazor, ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹnìkan má rí èérún pákó ní igun ètè rẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, àwọn òyìnbó ló sì ń darí rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ń kó ẹrù rẹ̀, ẹni tó gba ilé gba àga, ó gba ṣíbí, ó gba bí wọ́n ṣe ń dá obìnrin lọ sókè lẹ́yìn oúnjẹ kí ọkùnrin lè mu ọtí. Ẹni tó wọlé lánàá ló wá di ilẹ̀kùn mú lónìí. Ibi tí ẹ̀rín ìwé náà ti ń wá gan-an nìyẹn.

Àwa tí à ń ka Yorùbá mọ ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. "Yorùbá? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ta ni wọn kò tíì bi? Ẹni tó ń bèèrè gan-an, ìyá rẹ̀ ń ta gààrí Ìjẹ̀bú, Yorùbá ló sì fi ń pe oníbàárà tó fi rí owó iléèwé ọmọ san. Àmọ́ tí ọmọ bá ti dé ọgbà, ohùn á yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tí wọ́n bá gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún un látilé, abẹ́ ibùsùn ló ti ń jẹ ẹ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Dókítà Faseyi ni mo tún fẹ́ kí ẹ rí. Òun ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò burú, ẹ̀rù ló kàn ń bà á. Ó gbé ìyàwó òyìnbó, Monica, lọ síbi àpèjẹ àwọn aṣojú ìjọba, ó wá rí i pé ìyàwó kò wọ ìbọ̀wọ́. Orí kàn án. Ó ń sáré kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù lọ́jà, ó ń bi àwọn ọ̀rẹ́ pé ṣé ó burú púpọ̀. Obìnrin tó ní ọwọ́ kò bìkítà. Wọ́n gbé ọtí olówó ńlá wá, Monica ní ẹmu lòun fẹ́. Ẹmu! Òyìnbó ní kí wọ́n bá òun wá ẹmu, aláwọ̀ dúdú ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Nílé Oguazor bákan náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa gòkè lọ, Monica kò lọ, òógùn sì bo ọkọ rẹ̀. Ẹni tó jogún àṣà yẹn lè gbé e jù sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó yá a lò ni kò lè jù ú sílẹ̀.

Ṣóyínká kọ́ ló kọ́kọ́ fi irú wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ ní etíkun wa yìí. Ní 1915, Kobina Sekyi ní Cape Coast, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, kọ eré The Blinkards, ó fi Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Fante kọ ọ́. Ìyáàfin Brofusem inú eré náà kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun àfi ti Ìlú Òyìnbó. Àdìtú ni orúkọ yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ Fante, àmọ́ ìṣe òyìnbó ni ó túmọ̀ sí. Ohun tí mo jowú lára Sekyi ni pé ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti ẹni tí kò lọ iléèwé lè jókòó gbọ́ eré kan náà, nítorí èdè méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Oguazor kò lè gbádùn yẹ̀yẹ́ tí Ṣóyínká ń fi Oguazor ṣe. Ó gba kí o ti wọlé kí o tó lè bá wọn rẹ́rìn-ín àwọn tó ń di ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí ń gbé mi nínú.

Nígbà tí a jíròrò ìwé yìí nínú ẹgbẹ́, ẹnìkan ní, ṣebí ohun tí àwa Ìjẹ̀bú ń ṣe ní Ojúde Ọba náà nìyẹn? Gbogbo ayé rí àwòrán ti 2024 lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀tù, ìlẹ̀kẹ̀, ẹṣin, awò ojú. Mo ní rárá, mo sì tún ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, iye ọdún tí wọ́n bí ọ ló ń mú ọ wọ regbérégbé. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bí o ṣe ń pe 'a'. Káfíńtà àti lọ́yà tí wọ́n jẹ́ ọgbà á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jó dé iwájú Awùjalẹ̀ nínú Gbọ́baníyì kan náà. Ẹni tó ń ṣe fàájì níbẹ̀, ohun tirẹ̀ ló fi ń ṣe é. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín: aṣọ yẹn lówó lórí. Láti Ìmùṣin wa níhìn-ín, owó mọ́tò dé Òde kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó aṣọ, ẹni tí kò bá sì rí i san, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò ti máa wo àwọn ọgbà rẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà tiwa, ti fi eré Human Parasites bá ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí jà láti 1946. Nítorí náà Ìjẹ̀bú náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kò kàn jẹ́ ti rọ́bà ni.

Ibi tí ẹ̀fẹ̀ Ṣóyínká ti dára jù, lójú tèmi, kì í ṣe ilé Oguazor. Ọ̀rọ̀ Olóyè Winsala ni. Sagoe ń wá iṣẹ́ ìròyìn. Winsala, ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, wá bá a ní òtẹ́ẹ̀lì láti gba rìbá, Sir Derinola, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, sì fara pamọ́ sínú mọ́tò níta. Olóyè ti mu ọtí tán, kò sì ní owó tí yóò san. Agbọ́tí dúró tì í, ojú àwọn ènìyàn wà lára rẹ̀. Kí ni bàbá yìí ṣe? Ó ń pa òwe fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, òwe ìtìjú àgbàlagbà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni etí mi gbọ́, mo sì mọ irú ohùn tí bàbá àgbà fi ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín dá mi lẹ́nu. Sagoe náà kò lè rẹ́rìn-ín mọ́, òun ló wá san owó ọtí. Ṣóyínká fún olè yẹn ní ẹ̀jẹ̀ lára. Kò fún Oguazor ní ìdajì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Oguazor fi ń pa ni lẹ́rìn-ín tí kì í sì í dun ni.

Ìjà tí mo wá bá ìwé yìí jà kù síbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà nínú rẹ̀. Ọmọ yunifásítì ni bíi tiwa. Ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì bẹ̀rù Egbo nígbà tí wọ́n jọ lọ sídìí àpáta lẹ́bàá odò Ògùn. Ó lóyún fún un. Dókítà Lumoye, tí ọmọ náà lọ bá fún ìrànlọ́wọ́, ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìta gbangba. Ní ìparí ìwé, àwọn èèyàn ńlá yìí dúró, wọ́n ń jíròrò rẹ̀ bí ẹni ń jíròrò ẹran tó jẹ oko. Oguazor náà ń wàásù ìwà rere níbẹ̀. Oguazor! Ẹni tó ní ọmọ ní Islington.

Kí ni orúkọ ọmọbìnrin náà? Ẹ wá a títí. Simi tí gbogbo ọkùnrin ń lé ní orúkọ. Dehinwa ọ̀rẹ́bìnrin Sagoe ní orúkọ. Monica ní orúkọ. Mathias, mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbọ́ ìsọkúsọ Sagoe nítorí bíà, ó ní orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kò ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni, pé Ṣóyínká fẹ́ kí a rí i bí gbogbo wọn kò ṣe ka ọmọ náà kún ènìyàn. Ó ní kí n wo Bandele, ẹni jẹ́jẹ́ yẹn, bí ó ṣe fi ọ̀rọ̀ tó jọ èpè lé wọn lórí níkẹyìn. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Bandele wọ̀ mí lára. Àmọ́ Bandele ló sọ ọ́. Láti ìgbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà ju iṣẹ́ tó rán Bandele lọ. Ìwé náà sì parí sórí wàhálà ọkàn Egbo, èwo ni kí òun mú nínú obìnrin méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún tó ń ju èso rọ́bà síta, inú ilé náà ni wọ́n wà. Wọ́n lè ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lówùúrọ̀. Ọmọ yìí nìkan ni ilẹ̀kùn lè pa dé mọ́ pátápátá, òun náà sì ni òǹkọ̀wé kò pè lórúkọ. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ni, ọgbọ́n yẹn ṣe ohun kan náà tí Lumoye ṣe: ó fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà dá àwọn mìíràn lẹ́jọ́.

Síbẹ̀ mo ní kí ẹ kà á. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ mi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́bọ̀, kó má ṣá fi bírò fa ìlà sí i. Ẹni tó bá sì ronú kan orúkọ tó yẹ ọmọbìnrin náà, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kó fi sí ojú ewé tó ti kọ́kọ́ wọlé.