Ajá Inú Kàlẹ́ńdà àti Ajá Ojúbọ: Àgbéyẹ̀wò Ìwà tí a So mọ́ Ẹranko

Àwọn ará Hong Kong àti Ṣáínà tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìkẹjà gbé kàlẹ́ńdà wọn dání wá. Ẹranko méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, àgùntàn, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ni ó ni ọdún tirẹ̀; bí méjìlá bá sì pé, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí eku. Ohun tí ó mú kí kàlẹ́ńdà yìí kan ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó máa ń tẹ̀lé ẹranko kọ̀ọ̀kan, tí ó ń sọ irú ìwà tí ẹni tí a bí ní ọdún náà yóò máa hù. Bí ó bá jẹ́ inú ìtàn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ìfìwàwẹ̀dá ni lámèyítọ́ yóò pè é. Èyí ni ó fà á tí èrò kan fi ń gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ó ń ṣe àfiwé lítíréṣọ̀, pé Yorùbá náà ní irú rẹ̀: ìjàpá ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, erin ni alágbára, ajá ni olóòótọ́. Wọn a fa ìlà sí àárín ìwé, wọn a kọ ti Ṣáínà sí apá kan, wọn a kọ ti Yorùbá sí apá kejì. Ajá nìkan ni iṣẹ́ yìí yóò mú yẹ̀ wò, nítorí pé ibi tí àfiwé náà ti dà bí ẹni pé ó rọrùn jù lọ gan-an ni àṣìṣe inú rẹ̀ ti hàn jù lọ.

Ipò kọkànlá ni ajá wà nínú ètò náà. Lára àwọn ọdún rẹ̀ ni 1934, 1946, 1958, 1970, 1982, 1994, 2006 àti 2018. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbi kan. Ọdún àwọn ará Ṣáínà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January. Ọjọ́ 6 oṣù February ni Ọdún Ajá ti 1970 bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní January 1970, ní oṣù tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí, ọmọ ọdún Àkùkọ ni. Ọ̀pọ̀ ìwé pẹlẹbẹ ni kò bìkítà fún èyí. Ohun márùn-ún kan, igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi, sì tún máa ń bá àwọn ẹranko náà rìn, tí ó fi jẹ́ pé ọgọ́ta ọdún ni gbogbo ètò náà fi ń yí po. Irin ni ó bọ́ sí ti 1970. Ajá Irin! Ó rọrùn kí lámèyítọ́ ọmọ Yorùbá fò mọ́ èyí, kí ó ní Ògún ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣirò ni ó mú irin pàdé ajá ní ọdún náà. Ní 1982, omi ni ó bá ajá rìn.

Ìwà tí àwọn ìwé náà kà sí ọmọ ọdún Ajá lọ́rùn kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan sí òmíràn. Olóòótọ́ ni, ó kórìíra ìrẹ́jẹ, ó ṣeé fi ọ̀rọ̀ àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àníyàn jù, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í tètè fọkàn tán àlejò. Ìwé Theodora Lau tí ó jáde ní 1979 wà lára àwọn tí ó tan ọ̀rọ̀ yìí kálẹ̀ láàárín àwọn tí ó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yọ orí kan sọ́tọ̀ fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ẹni tí ó lè bá ẹni dọ́rẹ̀ẹ́ tàbí tí ó yẹ kí ẹni fẹ́. Bí a bá ka irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ bí a ti ń ka lítíréṣọ̀ alohùn, ohun tí ó kọ́kọ́ hàn ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò tó nǹkan. Wọ́n sọ fún wa pé olóòótọ́ ni ajá. Wọn kò sọ ẹni tí ó ṣòótọ́ sí, wọn kò sì sọ ohun tí òótọ́ náà ná an.

Kì í ṣe pé àwọn ará Ṣáínà kò ní ìtàn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni ti eré ìje tí Ọba Ọ̀run pe gbogbo ẹranko sí. Ajá mọ odò ó wẹ̀ ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, síbẹ̀ ipò kọkànlá ni ó ṣe, nítorí pé ó dúró ṣeré nínú omi. Aláwàdà ni ajá inú ìtàn yìí. Aláníyàn ni ti inú àpèjúwe. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra. Bí a bá sì tọpa ètò náà lọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ní 1975 ni àwọn awalẹ̀ hú ìwé orí ọparun jáde láti inú ibojì kan ní Shuihudi, ní ìpínlẹ̀ Hubei. Nǹkan bí ọdún 217 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti sin ẹni tí ó ni wọ́n. Ẹranko wà nínú ìwé náà, tí wọ́n tò mọ́ orúkọ àwọn ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọ tuntun kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀. Olè ni wọ́n fi ń wá. Olè tí ó bá jà ní ọjọ́ eku, ẹnu rẹ̀ yóò ṣóńṣó, irùngbọ̀n rẹ̀ kò ní pọ̀. Ní ipò tí ajá wà lónìí, àgùntàn arúgbó ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí Wang Chong fi máa kọ ìwé tirẹ̀ ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Kristi, ajá ti gba ipò rẹ̀. Àpèjúwe ìwà tí ó ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó ti wà kò sí nínú ẹ̀rí ọjọ́un yìí rárá.

Nínú àlọ́ Yorùbá, ìṣòótọ́ ajá kò fìgbà kan rọrùn tó bí àwọn aláfiwé ti ń wí. Àlọ́ ìyàn ńlá ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Ìyàn mú, àwọn ẹranko pàdé, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n pa á jẹ. Ajá wà níbẹ̀, ó sì bá wọn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé, ó gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sí ọ̀run. Lójoojúmọ́ ni ó ń yọ́ lọ sí abẹ́ ibẹ̀. Á kọrin, ìyá á ta okùn sílẹ̀, ajá á gun okùn náà lọ jẹun yó. Àwọn yòókù ń rù, ara ajá ń dán. Ìjàpá ni ó ṣọ́ ọ títí ó fi gbọ́ orin náà, tí òun náà lọ fi ohùn jọ ajá. Ìparí rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ẹnu apàlọ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí okùn kò ti já tàbí tí wọn kò ti gé e.

Ẹni tí ó bá ka àlọ́ yìí tí ó sì kọ ‘olóòótọ́’ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ajá kò parọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó kọ. Dídà ni ajá da májẹ̀mú ẹgbẹ́ kí ó tó lè ṣòótọ́ sí ìyá rẹ̀. Ìwà kan náà ni. Lójú ìyá, ọmọ gidi ni, lójú ẹgbẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni. Apàlọ́ kò sì bá wa yanjú rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó ń gbe orin náà, ẹ̀yìn ajá ni wọ́n wà, nítorí pé kò sí ọmọ tí ó fẹ́ kí a pa ìyá òun. Àwọn ẹranko tí ó ti mú àdéhùn ṣẹ, tí ìyá wọn kò sí mọ́, kò sí orin tí àlọ́ náà fi sí wọn lẹ́nu. Ibi tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró sí nìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà ti wúwo.

Àlọ́ ọdẹ tí ó sá gun orí igi, tí àwọn iwin wá ń gé igi náà mọ́ ọn lábẹ́, fara jọ ọ́. Ajá mẹ́ta ni ọdẹ náà ké pè láti ilé. Orúkọ wọn kò sọ ìwà wọn, iṣẹ́ wọn ni ó sọ: ọ̀kan ń fà ya, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Òwe náà kì í dá ajá nìkan dúró. ‘Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ’: ẹni ẹ̀yìn ni ó ni ìgboyà náà. ‘Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ’: ọdẹ ń bẹ níbẹ̀. Kódà nígbà tí a bá ń sọ ti ajá tí ó sínwín, ohun tí a ń béèrè ni bóyá ó ṣì mọ ojú olówó rẹ̀. Bí a bá yọ ẹni kejì kúrò nínú àwọn òwe wọ̀nyí, ìwà tí à ń wá nínú ajá yóò bá a lọ.

Èyí tí ó kan agbègbè Ìkẹjà àti Agége jù ni òwe tí ó ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Òwe yìí kò lè dàgbà ju mọ́tò lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọ̀rúndún ogún ni, ọmọ ojú ọ̀nà bí irú Agége Motor Road. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ibi tí irin bá pọ̀ sí, Ògún kò lè jìnnà síbẹ̀. Awakọ̀, mẹkáníìkì, alágbẹ̀dẹ àti ajórinmọ́rin ni ó ń bọ ọ́, ajá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ajá kan náà tí ó ń ṣọ́ ọgbà ní òru lè di ohun ẹbọ ní ojúmọ́, láti ọwọ́ ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ. Òótọ́ inú rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Kò sí ìwé kàlẹ́ńdà kan tí ó sọ èyí fún ọmọ ọdún Ajá.

Ẹ tún wo bí òwe náà ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe. Mọ́tò ni ó pa ajá, ṣùgbọ́n ajá ni olùṣe inú gbólóhùn: òun ni ó ‘fi ara rẹ̀ bọ’ Ògún. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn awakọ̀. Ní àdúgbò ilé-iṣẹ́, bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, irú gbólóhùn yìí wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sọ́dọ̀ ẹni tí ó fara pa. Ọgbọ́n ń bẹ nínú òwe náà, ìkà náà sì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tí ó ń kó òwe jọ sínú ìwé sábà máa ń tọ́ka sí ọgbọ́n nìkan.

Bí a bá ń wá ohun tí Yorùbá ní tí ó súnmọ́ kàlẹ́ńdà àwọn ará Ṣáínà ní tòótọ́, orúkọ àmútọ̀runwá ni kí a wò, kì í ṣe ẹranko. Bí a ti bí ọmọ ni a fi ń mọ Ìgè, Dàda, Òjó àti Àìná. Ìdòwú, ẹni tí ó tẹ̀lé ìbejì, olóríkunkun ni gbogbo ayé gbà pé yóò jẹ́, kí ó tó rìn rárá. Níbí, ìbí ni ó fa ìwà, gẹ́gẹ́ bí ti Ṣáínà. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà. A máa ń ki Ìdòwú lójú ara rẹ̀, láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tàbí láti fi bá a ṣàwàdà, òun náà sì lè dáhùn. Ẹ̀sẹ̀ǹtáyé tí a ń dá fún ọmọ tuntun lọ́dọ̀ Ifá kì í sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà tán láìsọ ẹbọ tí a óò rú. Wándé Abímbọ́lá sì ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 bí olúkúlùkù ti ń yan orí tirẹ̀ lọ́dọ̀ Àjàlá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń yàn án. Kàlẹ́ńdà a máa fi ìwà kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ tí a bí láàárín oṣù méjìlá.

Ohun tí irú ìfúnni bẹ́ẹ̀ lè ṣe kì í ṣe kékeré. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti gba ètò àwọn ẹranko yìí láti Ṣáínà, wọ́n ní obìnrin tí a bá bí ní ọdún Ẹṣin Iná yóò le lórí, yóò sì pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà bọ́ sí 1966, iye ọmọ tí a bí ní gbogbo ilẹ̀ Japan dín sí nǹkan bí 1,360,000, láti nǹkan bí 1,820,000 ti 1965. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àpèjúwe ìwà lásán ni ó fa èyí, ti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 2026, ni Ẹṣin Iná tún yí kàn.

Ní August 2016, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin oníṣòwò kan ní Sango-Ọ̀tà, ní àríwá Agége, nítorí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọkùnrin náà ní ìfẹ́ tí òun ní sí ààrẹ ni òun fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò tí ó fi ẹjọ́ sùn ní bàbá òun ni ó ń jẹ́ orúkọ náà, àbùkù sì ni. Bí a bá ka ẹjọ́ yìí bí a ti ń ka ìtàn, ajá kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì, a kò sì lè mọ èyí tí ó tọ̀nà láìkọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ń pe ajá náà àti ẹni tí ó ń gbọ́. Láti ìgbà pípẹ́ ni Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Bí a bá pe ajá ní Tanímọ̀la lójú òde, ajá kọ́ ni a ń bá wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ àwọn ìwé kàlẹ́ńdà náà sí èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro yìí pàdé ní ojú ìwé kìn-ín-ní orí Ajá. ‘Ọmọ ọdún Ajá ni ọ́’ yóò dún gẹ́gẹ́ bí oríkì ní etí kan, yóò sì dún gẹ́gẹ́ bí èébú ní etí kejì, kò sì sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan, ìbáà jẹ́ ‘olóòótọ́’, tí ó lè bá atúmọ̀ náà pinnu èyí tí òǹkàwé rẹ̀ ní Agége yóò gbọ́.