Ta Ni Ó Kọ́ Ìdòwú Ní Agídí?

Ní agboolé tí a ti tọ́ mi dàgbà ní Ìgèdè-Èkìtì, Ìdòwú kan wà tí kò sí ìwà tí ó hù tí a kì í fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀. Bí ó bá bú sẹ́kún, wọn a ní Èṣù lẹ́yìn ìbejì ni. Bí ó bá dákẹ́, wọn a ní agídí ni ó fi ń dákẹ́. Nígbà tí ó tú rédíò bàbá àgbà palẹ̀ láti wo ibi tí ohùn ti ń jáde, ẹgba ni ó fi jẹ. Kò sí ẹnì kan tí ó bi í léèrè ohun tí ó rí nínú rẹ̀. Èmi náà tí a jọ jẹ́ ọmọdé kò bi í. Mo bá wọn pè é ní alágídí, inú mi sì dùn pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń nà.

Òun ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ àríyànjiyàn àwọn àgbà lórí ọmọ: ṣé àbímọ́ ni ìwà ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé, àbí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó ń bà wọ́n jẹ́? Ẹni tí ó bá fetí sí wa dáadáa yóò rí i pé ohun tí ó bá dára lára ọmọ ni a ń kà sí ẹ̀kọ́ ilé. Èyí tí kò bá dára, a ó tì í sọ́rùn ìṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí sọ́rùn ẹ̀rọ. Ìdájọ́ yìí rọ àwa òbí lọ́rùn jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ àbímọ́ wò. Yorùbá ní orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, Dàda ni èyí tí irun rẹ̀ ta kókó. Ohun tí ojú rí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. A máa ń fi ìwà kún wọn. Ti ìbejì ni ó hàn jù lọ. Táyéwò ni ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí a gbà pé òun ni ó rán èkejì wá tọ́ ayé wò. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé Táyéwò a máa yára, a máa tọ pinpin, tí Kẹ́hìndé a sì máa fara balẹ̀.

Èmi kò sọ pé kò sí àbímọ́. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti ń bí ìbejì jù lọ láyé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kì í sì í jọra bí ẹni tí a là sí méjì. Ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ohun tí wọ́n jọ jogún kò ju ti ọmọ ìyá kan náà tí a bí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ìwà wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí àbímọ́ bá lè sọ ìdí tí Táyéwò kan fi yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé rẹ̀, kò lè sọ ìdí tí gbogbo Táyéwò yóò fi yára tí gbogbo Kẹ́hìndé yóò sì fi fara balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde. Ilé ni ó mọ̀ ọ́n. Ilé ni ó ń sọ fún Kẹ́hìndé láti kékeré pé àgbà ni ó, kí ó ṣe sùúrù fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni, a kàn gbé aṣọ àbímọ́ wọ̀ ọ́ ni. Àwa ará Ìgèdè tí a ń yangàn pé ọ̀dọ̀ wa ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe orísun nìkan ni ó ń sọ odò di ńlá.

Ìdòwú ni ó jẹ ìyà rẹ̀ jù, nítorí òun ni a ti kọ agídí mọ́ lórúkọ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà lára ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1980, NTA gbé ètò Tales by Moonlight jáde, àwa òbí sì ń yìn ín pé àlọ́ ti padà wálé. Mo fẹ́ràn ètò náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé àlọ́ ni. Àpàlọ́ jókòó, àwọn ọmọdé yí i ká, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pa ìtàn fún wọn. Ní àgbàlá wa, bí àpàlọ́ bá ní “Àlọ́ o!”, tí a kò dáhùn “Àlọ̀!”, kò níí tẹ̀ síwájú, bí a kò bá gbe orin, ìjàpá kò níí rìn. Níwájú ẹ̀rọ, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ni ó ń dáhùn. Ọmọ tí ó wà nílé di àlejò níbi àlọ́ ara rẹ̀.

Àwọn tí ó ń bẹ̀rù àfarawé kò ṣìnà pátápátá. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, Albert Bandura àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wo àgbàlagbà tí ó ń lu ọmọláńgidi onírọ́bà. Àwọn ọmọ náà lù ú bí wọ́n ti rí i. Èyí tí ó jáde ní ọdún 1965 ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Fíìmù ni wọ́n lò. Àwọn ọmọ tí wọ́n rí i pé a fìyà jẹ alulù náà kò fi bẹ́ẹ̀ fara wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn, àwọn náà mọ̀ ọ́n ṣe bí àwọn ìyókù. Wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí wọn yóò fi ṣe ni ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ wọn.

Mo rí irú rẹ̀ ní Ìgèdè ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí fídíò Yorùbá gba ìgboro. Àwọn ọmọdé ń pe ọfọ̀ sí ara wọn lójú títì, ẹni tí a pè é sí yóò sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn àgbà figbe ta pé oògùn ni wọ́n ń kọ́. Ní tèmi, etí mi ni mo là sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn nílé ìwé nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá ni ó ń to ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ yìí, tí wọ́n ń dárúkọ ewé tí wọn kò rí rí. Ọdẹ àgbà kan kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ewé tí wọ́n dá lórúkọ yẹn, ewúrẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n ń béèrè ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò kò kọ́ wọn ní ewé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí fídíò, kí ni wọn ì bá bi ọdẹ náà?

Fóònù ni ó wà lọ́wọ́ ọmọdé báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yí padà.

Ìdòwú di awakọ̀ lójú ọ̀nà Adó sí Ìgèdè. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn ẹgba ọjọ́ náà kí n tó bi í léèrè ohun tí ó rí nínú rédíò bàbá àgbà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní eruku ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àti wáyà pupa kan tí òun ṣì ń wá ibi tí òun yóò dá a padà sí nígbà tí wọ́n wọlé.