Wàláà Àtijọ́ àti Wàláà Tuntun: Ta Ni Ń Fèsì?

Ní agbègbè tí gbogbo ará Ìlọrin ń pè ní Post Office, lẹ́tà kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá wá mọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wá wọ̀, ọjà ni wọ́n ń wá ná, fóònù ni wọ́n ń wá tún ṣe. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò níbẹ̀, ó sì yẹ kí ó máa rán wa létí ohun kan: ẹni tí ó kọ lẹ́tà ń retí èsì. Ọ̀rọ̀ tí ó lọ tí kò bọ̀, ìkéde ni. Ọ̀rọ̀ tí ó lọ tí èsì rẹ̀ sì bọ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ẹ̀rọ tuntun tí a ń kó wọ kíláàsì wa, tí a ń yìn pé wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti ṣàkóso kíláàsì. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọmọ bá fèsì, ǹjẹ́ èsì rẹ̀ yí ohunkóhun padà?

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun èlò kan tí Ìlọrin ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, èyíinì ni wàláà. Ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá ni; Bíbélì Yorùbá náà sì lò ó fún òkúta tí a kọ òfin sí fún Mósè. Ní ilé-kéwú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní wàláà tirẹ̀. A ó fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí i. Ọmọ yóò kà á títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Yóò lọ kà á sí etí àáfà. Bí ó bá yege, yóò fọ wàláà náà, a ó sì kọ òmíràn sí i. Bí kò bá yege, ti àná ni yóò tún máa kà. Ẹ kíyè sí i pé ìdáhùn ọmọ ni ó ń pinnu ohun tí ó kàn. Ogún ọmọ lè jókòó sórí ẹní kan náà, kí olúkúlùkù sì wà níbi tí agbára rẹ̀ gbé e dé. N kò sọ pé ilé-kéwú kò ní àbùkù. Pàṣán wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń kọ́ ohun tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí. Wàláà mọ bí a ti ń dúró de ọmọ. Kò mọ bí a ti ń gba ìbéèrè lẹ́nu rẹ̀.

Wàláà tuntun tí ó kọ́kọ́ gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ wa ni Ọpọ́n Ìmọ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé jáde ní 2013. 150,000 ni wọ́n pinnu láti pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì dára fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó ìwé. Orúkọ náà dùn létí, nítorí ó mú ọpọ́n Ifá wá sí ọkàn ẹni. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí adùn orúkọ bo òun lójú. Nídìí ọpọ́n Ifá, ẹni tí ó wá ṣe ìbéèrè ni ó ń mú ọ̀ràn wá; babaláwo a máa kì ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, ẹni náà ni yóò sì mọ èyí tí ó bá ọ̀ràn òun mu. Láìsí ohùn rẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Ọpọ́n Ìmọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè bi ọmọ ní ìbéèrè, kí ó sì sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Ọmọ kò lè bi òun.

Ọ̀nà mìíràn ni ìpínlẹ̀ Kwara gbà. Nínú ètò KwaraLEARN, tí ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ NewGlobe, ọwọ́ olùkọ́ ni wàláà wà. Irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 2018, tí wọ́n pè é ní EdoBEST, àti ní Èkó ní 2020, tí wọ́n pè é ní EKOEXCEL. Ojú wàláà náà ni olùkọ́ ti ń rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀: ohun tí yóò sọ, ohun tí yóò kọ sí ojú pátákó, ibi tí àwọn ọmọ yóò ti dáhùn.

Ẹni tí ó bá ń bú ètò yìí láìwádìí kò ṣe dáadáa. Ní 2022, Michael Kremer, tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Bridge ní Kenya, níbi tí ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún 2, ohun tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ kọ́ fi 0.89 ọdún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ wá sí iṣẹ́, tí olùkọ́ náà sì mọ ohun tí yóò kọ́ ọ, ti jèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí a ti ń ka eré orí ìtàgé. Òǹkọ̀wé wà ní ọ̀nà jíjìn; olùkọ́ ni òṣèré; àwọn ọmọ ni agberin. Lóòótọ́ ni agberin ń dáhùn, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí wọn yóò sọ kí wọ́n tó jókòó. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, olùkọ́ ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́, tàbí kí ó jẹ́ kí àkókò ẹ̀kọ́ kọjá lọ. Kíláàsì tí ó parọ́rọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní ohun tí yóò béèrè, a kò lè pè é ní kíláàsì tí a ṣàkóso.

A lè sọ pé àwọn eré ìbéèrè orí fóònù sàn jù, irú Kahoot!, tí ó ti Norway jáde sí gbogbo ayé ní 2013. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ariwo ayọ̀ a sì máa sọ. Bí a bá ti ń lò ó, ẹni tí ó bá yára mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni ó ń gba àmì jù. Ẹ fi í wé àlọ́ àpamọ̀. Nínú àlọ́ àpamọ̀, kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí a tò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yàn. Ọmọ ní láti ronú jinlẹ̀ kí ó tó já a. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà a máa pa agbo lẹ́rìn-ín, a sì máa kọ́ agbo lọ́gbọ́n. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tí ó já àlọ́ tán lè dìde kí ó ní, “Ààlọ́ o!”, kí àwọn àgbà sì dá a lóhùn. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni pé Kahoot! pàápàá gbà kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe ìbéèrè. Àwa olùkọ́ ni a kì í sábà fún un láyè.

Ọ̀ràn èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ lè fi èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa mú A tàbí B. Kò lè fi í ṣe ìbéèrè tí ó jinlẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 6 kan, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, tí a sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá 2025, a yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá gba ẹnu ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò dá a padà fún un.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé fóònù mi lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní Post Office. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ń wo fídíò kan tí ń fi hàn bí a ti ń tú irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ó wò ó díẹ̀, ó dá a dúró, ó wo èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ti eléyìí kò jọ ti inú fídíò o.” Ọ̀gá rẹ̀ kò bú u. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní, “Òótọ́ ni. Kí ni ìwọ rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ tú?” Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí nílé àti lókè òkun, n kò rí kíláàsì tí ó dára ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ọmọ sì rí ohun tí àwọn méjèèjì kò rí tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní kí a da wàláà tuntun nù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àwọn tí ń kọ ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè ọmọ. Kí olùkọ́ tí ó bá rí àṣìṣe tàbí ọ̀nà tí ó sàn jù lè kọ ọ́ padà sí wọn, kí wọ́n sì ṣàtúnṣe. Kí àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá má dúró de ilé-iṣẹ́ òkèèrè: ẹ jẹ́ kí a kọ ẹ̀kọ́ ní Yorùbá tí ó ní àmì ohùn pípé, kí ohun tí a fẹ́ fi sínú ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n àgbà ti pọ̀ nínú àwọn wàláà wọ̀nyí. Ti ọmọdé ni a kò tíì rí níbẹ̀.