Iṣẹ́ àti Àbọ̀ nínú Fọ́tò àti Fídíò Emily Jacir

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Emily Jacir, ayafọ́tò àti aṣefíìmù ọmọ Palẹsítínì, fi ṣe ìpìlẹ̀ "Where We Come From" (2001–2003): bí òun bá lè bá ẹnì kan ṣe ohunkóhun níbikíbi ní Palẹsítínì, kí ni kí òun ṣe? Àwọn tí ó bi léèrè ni àwọn ará Palẹsítínì tí ìjọba Ísírẹ́lì kò jẹ́ kí wọ́n wọ ilẹ̀ náà, tàbí tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ tí wọn kò lè rìn ín bó ṣe wù wọ́n. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tí ó wà lọ́wọ́ Jacir ni ó fi jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ní kí ó bá ọmọkùnrin Palẹsítínì tí ó bá kọ́kọ́ rí ní ìgboro Haifa gbá bọ́ọ̀lù. Òmíràn ní kí ó mu omi abúlé àwọn òbí òun. Òmíràn tún ní kí ó bá òun san owó tẹlifóònù ní Jerúsálẹ́mù. Ọ̀rọ̀ olùránni, ní èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ohun tí Jacir ṣe.

Lámèyítọ́ tí ó bá ń wá ẹwà níbí, ìjákulẹ̀ ni yóò bá pàdé. Púpọ̀ nínú fọ́tò náà kò ju èyí tí arìnrìn-àjò kankan lè yà lọ. Èyí kì í ṣe àbùkù. Àbọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀, àbọ̀ kò sì nílò ọ̀ṣọ́. Ohun tí olùránni fẹ́ mọ̀ ni pé a jẹ́ iṣẹ́ náà bí òun ṣe rán an. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ọkùnrin kan tí a kò fún ní àṣẹ láti wọ Jerúsálẹ́mù, tí ó ní kí Jacir lọ fi òdòdó sí ojú oórì ìyá òun ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó sì gbàdúrà níbẹ̀. (Yorùbá tí ó mọ ohun tí ojú oórì òbí jẹ́ kò nílò àlàyé.) Òjìji Jacir ni ó nà sórí oórì náà nínú fọ́tò. Ibi tí ó yẹ kí ọmọ dúró sí ni ìránṣẹ́ dúró, ó sì jẹ́ kí ojú rí i pé òun kọ́ ni ọmọ. Nítorí náà, kò tọ́ kí a ka iṣẹ́ yìí sí àárò ilé lásán: gbèsè tẹlifóònù wà lára ìrántí tí ó ń gbé rù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró wo fọ́tò wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn àfihàn ní Amẹ́ríkà lè fi pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ dé Haifa; olùránni kò lè dé ibẹ̀. Ṣé kì í ṣe agbára pásípọ́ọ̀tù ni iṣẹ́ yìí wá ń gbé ga? Èsì wà nínú fídíò rẹ̀, "Crossing Surda". Ní ọdún 2002, Jacir ń fi kámẹ́rà ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Yunifásítì Birzeit nígbà tí ọmọ ogun Ísírẹ́lì kan ju pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n sì gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lu ihò sára báàgì, tí ó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú rẹ̀, tí ó sì ń ya ìrìn náà fún ọjọ́ 8. Ọ̀nà, bàtà àti àwọn tí ń rìn kọjá ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Lílọ sẹ́nu iṣẹ́ àti bíbọ̀ tirẹ̀ ni. Ìwé kan náà tí ó ṣílẹ̀kùn Jerúsálẹ́mù fún ìránṣẹ́ ni ó wà nínú ẹrẹ̀, ó sì hàn pé ìyọ̀nda ẹni tí ó di ìbọn mú ni ó fi ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.