Ariwo Tí Kì Í Ṣe Ti Rélùwéè: Lórí Fóòmù Olówó Pọ́ọ́kú

Láàárín àwọn tó ń to rélùwéè kékeré sínú ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àríyànjiyàn lórí ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ irin kì í tán. Lójú ọ̀pọ̀ àgbà ọ̀jẹ̀ ibẹ̀, kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì, ni olórí gbogbo wọn. Àwọn tó ń ṣọ́ owó ná a gba ilé ìtajà ohun ìkọ́lé lọ, wọn a ra fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá, wọn a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Tèmi ni pé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ owó. Ẹjọ́ iṣẹ́ ọnà ni, etí ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dá a.

Pílááwúùdù tí wọ́n kàn mọ́ férémù, ìlù ni. Bí ẹ́ńjìnnì kékeré bá ti ń sáré lórí rẹ̀, ìgbọ̀nrìrì mọ́tò á gba ara irin wọ inú pákó, pákó á sì máa kùn hùn-ùn. Kò sí rélùwéè tó ń dún báyẹn láyé. Ẹni tó ti fara balẹ̀ kun ilé kéékèèké lọ́dà, tó gbin koríko, tó to òpó, á wá jókòó máa gbọ́ ohùn tábìlì. Iṣẹ́ fóòmù ni láti dínà mọ́ ìgbọ̀nrìrì yẹn.

Àmọ́ fóòmù ju fóòmù lọ. Èyí tí ihò inú rẹ̀ já síra wọn, irú ti ìjókòó àga, mi ò fọwọ́ sí i rárá. Polyurethane ló pọ̀ jù nínú wọn: afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi rún wómúwómú lábẹ́ irin, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sórí rẹ̀ á sì bá a lọ. Èyí tí ihò rẹ̀ dí pa, bíi polyethylene abẹ́ pákó ilẹ̀, kì í mu omi. Ẹ kán omi sí i lórí: bí omi bá dúró róbótó lójú ibẹ̀, ẹ rà á. Ẹ tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó taku díẹ̀, kó sì padà sípò lójú ẹsẹ̀.

Ní ti nínípọn, ìṣirò ni. Ìwọ̀n OO, tó gbajúmọ̀ jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti rélùwéè gidi. Bí òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin gidi bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, mìlímítà 4 péré ni nínú OO. Fóòmù mìlímítà 3 sí 5 ló bójú mu nìyẹn. Ẹní fóòmù àwọn tó ń sùn nínú àgọ́ sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sábẹ́ irin, irin á kàn ga gègèrè láìnídìí. Àwọn Woodland Scenics ń ta èyí tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó mú àti rúlà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi iṣẹ́ ara wọn ṣòfò ni gọ́ọ̀mù. Wọn a da PVA olómi sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ń gan tó bá gbẹ, bó bá sì ti ṣàn ré etí fóòmù kọjá dé pákó, ariwo ti rí ọ̀nà padà nìyẹn. Gọ́ọ̀mù onírọ́bà bíi Copydex kì í gan bẹ́ẹ̀. Ìṣó tí wọ́n fi ń kan irin mọ́lẹ̀ náà ń gbé ariwo wọ pákó bíi ti PVA, bí wọ́n bá sì gbá a wọlé jù, á tẹ àárín pákó ìdábùú abẹ́ irin, irin méjèèjì á sún mọ́ra, ẹ́ńjìnnì á yẹ̀. Kó di irin mú títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ, kí wọ́n sì fà á yọ.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà fáwọn ọlọ́kọ́ọ̀kì: oríta tí irin ti ń pínyà. Ahọ́n irin tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ kò fẹ́ ilẹ̀ tó ń rì. Kọ́ọ̀kì ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kó sì nípọn bákan náà pẹ̀lú fóòmù, kí irin má baà gun òkè lójijì.