Ihò Róbótó Inú Ojú

Téèyàn bá ti lé ní ẹni ogójì ọdún, lẹ́ǹsì inú ẹyinjú a máa le sí i, kò ní lè wú mọ́ láti mú ìwé tó sún mọ́ni. Ni èèyàn á bá máa na ìwé síwájú títí apá ò fi ní tó mọ́. Jígí ìwé kíkà ni ọ̀pọ̀ ń lò sí i. Àwọn mìíràn a gbà kí dókítà ojú yọ lẹ́ǹsì náà, kó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, ibi tó ń wù mí wò jù ni ìgbà tí dókítà bá ń ṣí àpò lẹ́ǹsì. Àpò náà mọ́ gaara, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì. Ojú ihò tí kò tó mílímítà 3 lára ẹyinjú ni abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lórí ń gbà wọlé. Dókítà a fi gún awọ iwájú, a ṣẹ́ etí tó ya lé ara rẹ̀, a wá máa fà á yípo. Bó bá ti fà á díẹ̀, a tú u sílẹ̀, a tún un dì mú nítòsí ibi tó ń ya, nítorí ọwọ́ tó jìnnà síbẹ̀ kò lè darí rẹ̀. Àwọn tó ń bó ọsàn tà lẹ́bàá títì mọ irú ọwọ́ yìí, èèpo kan ṣoṣo láti òkè dé ìdí; ṣùgbọ́n ọsàn kì í mí, kì í sì í yí ojú.

Wọ́n ti kọ́kọ́ fi omi kíki kún iwájú ojú kó lè tẹ awọ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ibi tó ń ya lè fẹ́ sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá kì í bá a jà: a dúró, a fi omi kíki kún un, a wá rọra fà á padà sí àárín.

Ihò tó bá yọ á fẹ̀ tó mílímítà 5. Lẹ́ǹsì tuntun fẹ̀ tó 6, nítorí náà etí àpò á bò ó yíká, á sì dì í mú láàárín gan-an. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gún awọ náà yíká lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí rẹ̀ á rí jákujàku, nígbà mìíràn á sì ya kọjá ibi tí wọ́n fẹ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn dókítà ojú méjì, Howard Gimbel ní Kánádà àti Thomas Neuhann ní Jámánì gbé ọ̀nà yíyípo yìí jáde, kálukú lọ́tọ̀.

Èyí tó kù yá. Ìró tí etí ò gbọ́ ni wọ́n fi ń fọ́ lẹ́ǹsì àtijọ́ túútúú kí wọ́n tó fà á jáde. Lórí àga dókítà eyín ni èrò náà ti sọ sí dókítà ojú kan, Charles Kelman, lọ́kàn. Lẹ́ǹsì tuntun á wọlé ní kíká, á sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò.

Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì olójú mẹ́ta, òrùka tíntìntín ara rẹ̀ ló ń pín ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, kọ̀ǹpútà àti ìwé. Ìmọ́lẹ̀ tí a pín kò sì lè pọ̀ tó odindi. Àwọn kan ń rí òrùka yí iná mọ́tò ká lóru. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń bèèrè iṣẹ́ téèyàn ń ṣe kó tó yan lẹ́ǹsì fún un. Awakọ̀ alẹ́ lè gbọ́ pé kó gba lẹ́ǹsì olójú kan, kó sì máa bá jígí ìwé kíkà rẹ̀ lọ.