Kí Ẹ̀rọ Tó Dún Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó dùn jù nínú iṣẹ́ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ni ọkàn tèmi fà sí jù: ká jókòó ti èèyàn, ká bi í, ká wọ̀n ọ́n, ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ìpínlẹ̀ gẹdú ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó, ìró ayùn sọ́míìlì kì í ṣe àjèjì. Ariwo tó bá kọjá 85 dẹ̀sibẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 lójúmọ́ léwu fún etí, ayùn tó ń la igi sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín ló ń gba ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Èyí tó bá kú nínú wọn kò ní hù mọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ni mo fẹ́ràn láti yẹ etí àwọn alágbàṣe sọ́míìlì wò. Etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ayùn á ṣì di díẹ̀. Bí a bá wọ̀n ọ́n nígbà náà, a ó pe àárẹ̀ ọjọ́ kan ní àrùn. A ó kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí etí, a ó wọ hẹ́dífóònù fún alágbàṣe náà, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn 1000 Hz. Bó bá gbọ́, a ó fi dẹ̀sibẹ́ẹ̀lì 10 dín ohùn kù. Bí kò bá gbọ́ mọ́, a ó fi 5 gbé e sókè, títí a ó fi rí èyí tó kéré jù tí etí náà lè mú.

Àgbàlagbà mìíràn á na ìka sókè nígbà tí mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, kò fẹ́ já wa kulẹ̀ ni. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́, ẹ má wulẹ̀ nàka." N ó wá dákẹ́ pẹ́, kó má baà fi ọkàn ka ìgbà tí ohùn máa dé.

Lórí bébà, ìlà ẹni tí ariwo ti ba etí rẹ̀ jẹ́ máa ń lọ geere, á já wálẹ̀ ní 4000 Hz, á tún gòkè díẹ̀ ní 8000. Ẹni náà lè má tíì mọ̀ rárá, torí ó ṣì ń gbọ́ ìpè ìyàwó rẹ̀. Èyí tó kù létí rẹ̀ ṣì ṣeé gbà là.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ṣeré. Bí ọ̀gá bá ti ní ká yẹ gbogbo wọn wò, ọmọṣẹ́ wo ló máa kọ̀? Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń pè é sí, kí n ṣàlàyé fún un pé bó bá kọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ò ní gbọ́, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì ní dín kù.

Ìwádìí lórí kẹ́lọ́ìdì, àpá tó máa ń wú lẹ́yìn lílu etí, náà gba sùúrù. Gígé rẹ̀ ò le. Ọdún kan, ọdún méjì la tó mọ̀ bóyá ó ti lọ pátápátá. Ẹni tó tún wú fún lè gba ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn lọ, bí a ò bá sì wá a kàn, a ó máa yin ọwọ́ ara wa lásán.

Ìlú Oǹdó ti ní University of Medical Sciences báyìí, tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ wọ̀n etí alágbàṣe kan lónìí, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nígbà náà la tó lè sọ fún ọ̀gá sọ́míìlì, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, bóyá ohun tó rà fáwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ láti fi dí etí ń ṣiṣẹ́.